Ẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n sùn lóru: ṣé àìsàn ni, àbí wọ́n fi ṣe mí ni?

ÌBÉÈRÈ, láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, ọjà Òkè-Àjè ni mo ti ń ta aṣọ. Ó tó oṣù márùn-ún báyìí tí n kò ti rí oorun sùn dáadáa. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀ lálẹ́, nǹkan kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ojúgun mi méjèèjì. Kì í ṣe lára awọ, inú lọ́hùn-ún ni. Kì í dùn mí bí egbò ṣe ń dunni, síbẹ̀ n kò lè fara dà á. Bí mo bá na ẹsẹ̀, tàbí tí mo dìde rìn yí pálọ̀ ká, yóò lọ. Bí mo bá padà dùbúlẹ̀, yóò tún dé. Ìyá ọkọ mi ní mo ti tẹ oògùn mọ́lẹ̀ lọ́jà. Ìyá alágbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ní làkúrègbé ni. Ní kẹ́míìsì, wọ́n fún mi ní oògùn tí yóò mú mi sùn, ńṣe ni ẹsẹ̀ náà tún wá le sí i. Mo ti gbàdúrà, mo sì ti gbààwẹ̀, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n lọ gbàdúrà. Ṣé àìsàn kan wà tó ń ṣe báyìí, àbí orí mi ni kò pé mọ́?

* * *

ÌDÁHÙN, láti ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìperu

Ìyá Ìbejì, orí yín pé, àìsàn náà sì wà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mo ṣe ní Rẹ́mọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi fúnra mi sì ti ń bá àìsàn yìí yí láti ìgbà tí mo ti wà nínú oyún ọmọ mi kejì. Mo ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí sìmẹ́ǹtì pálọ̀ mi láago kan òru títí tí mo fi mọ gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti sán níbẹ̀ láìtan iná.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni restless legs syndrome. Ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní àìsàn ẹsẹ̀ aláìsinmi. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yàwòrán rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ìdí sì nìyí tí inú mi fi dùn pé ẹ ṣàlàyé tiyín kúnnákúnná. Ẹ ní ẹsẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ gbé e kúrò lójú kan ṣáá. Ẹ ní ìgbà tí ẹ bá sinmi ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní bí ẹ bá rìn, yóò lọ. Ẹ ní alẹ́ ni ó máa ń dé. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ń wò nìyẹn. Ẹ̀karùn-ún ni pé kí wọ́n rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn mìíràn ló ń ṣe bí ẹni pé òun ni, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ìjà yóò ti pọ̀ láàárín wa níbí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mú ni pé kí ẹ dá oògùn oorun tí wọ́n tà fún yín yẹn dúró ná, kí ẹ má sì rà á mọ́ títí a ó fi sọ̀rọ̀ dé orí rẹ̀.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn èèyàn kọ síbí lẹ́yìn ìdáhùn mi àkọ́kọ́. Ẹni mẹ́ta ló sọ pé pajápajá lásán ni, kí Ìyá Ìbejì máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kí ó sì máa mu omi iyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pajápajá. Bí pajápajá bá mú ènìyàn, ẹran ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojúgun yóò le bí òkúta, ẹ ó fọwọ́ kàn án, ẹ ó rí i pé ó ti ká jọ sójú kan, ìrora rẹ̀ a sì mú kí àgbàlagbà kígbe. Ẹsẹ̀ aláìsinmi kì í le rárá. Ọmọ mi obìnrin ti fọwọ́ tẹ tèmi wò lóru ọjọ́ kan tí mo ń rojọ́ fún un pé eèrà ń rìn nínú egungun mi; ó ní, “Màmá, ó rọ̀ o, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Òótọ́ ni ó sọ, nítorí kò sí ohun tí ọwọ́ lè bá níbẹ̀.

Ìyá alágbo tó pè é ní làkúrègbé náà kò ṣe ohun àjèjì, ohun tí ó mọ̀ ni ó sọ. Àmọ́ oríkèé ni làkúrègbé máa ń bá jà, ẹni tí orúnkún ń ro kì í sì í dìde láàárín òru láti lọ rìn kí ara lè tù ú. Ìrìn gan-an ni ó ń sá fún. Ti àtọ̀gbẹ ni ẹ lè fẹ́ ṣì mú, nítorí àtọ̀gbẹ tó bá ti ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́ máa ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ gbóná bí ẹni tẹ iyanrìn ọ̀sán gangan, ó sì lè le sí i lálẹ́. Ìyàtọ̀ tí mo máa ń wò ni pé ti àtọ̀gbẹ kì í lọ bí ẹni náà bá dìde rìn, ẹsẹ̀ sì máa ń kú mọ́ ọn lára débi pé bàtà lè bọ́ kí ó má mọ̀. Ènìyàn kan náà sì lè ní méjèèjì pọ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń tọ̀ jù tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ jù kí ó lọ yẹ ṣúgà wò.

* * *

Ní ti bàbá tó kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ní a ń fi ìwé bo ọ̀rọ̀ ayé mọ́lẹ̀, tó sì ní bí irú èyí bá ti ń mú ìyá, tó ń mú ọmọ, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà: Bàbá, n kò ní bá yín jiyàn pé ayé kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ yẹn gan-an, nítorí òun ló sábà máa ń tan ènìyàn jẹ. Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, pàápàá bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Láti ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí díẹ̀ lára àwọn àmì àjogúnbá tó ń gbé e láti ara òbí dé ara ọmọ. Bí imú bàbá ṣe ń wà lójú ọmọ ni, kò gba pé kí ẹnikẹ́ni joko sẹ́yìnkùlé.

Ẹlòmíràn ní àìsàn ìgbàlódé ni, pé fóònù ló fà á. Ní ọdún 1672, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lálàá fóònù, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Thomas Willis ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn aláìsàn kan wà tí ẹsẹ̀ àti apá wọn kì í dúró bí wọ́n bá ti dé orí ibùsùn, pé oorun wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n ń fi ìyà jẹ. Dókítà ará Sweden, Karl-Axel Ekbom, ló wá ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní ọdún 1945. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, láàárín àgbàlagbà 100, ẹni 5 sí 10 ni ó ń ṣe dé ìwọ̀n kan, àwọn obìnrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn ọkùnrin.

Ìyá ọkọ yín kò ní ìkà sí yín, Ìyá Ìbejì. Ẹ má bá a jà. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sí ìyá tó máa sọ pé kí ẹ má lọ.

* * *

Ẹ̀jẹ̀ yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi, kí ẹ bá mi fara balẹ̀ níbí.

Ọpọlọ ènìyàn nílò èròjà irin láti fi ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní dopamine, èyí tó ń darí bí ara ṣe ń mì àti bí ó ṣe ń dúró jẹ́ẹ́. Bí irin tó wà nípamọ́ bá ti lọ sílẹ̀, iṣẹ́ dopamine yóò dàrú, alẹ́ ni ìdàrúdàpọ̀ náà sì máa ń hàn jù, nítorí pé bí ọjọ́ ti ń rọ̀ ni irin inú ẹ̀jẹ̀ àti dopamine fúnra wọn máa ń dínkù. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ tó ń rìn káàkiri Òkè-Àjè láàárọ̀ láìsí wàhálà fi lè di ọ̀tá láago mẹ́wàá alẹ́.

Ẹnì kan ti kọ ọ́ níbí pé òun ti yẹ PCV òun wò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, ó jẹ́ 37, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ òun pé, kí a má da ọ̀rọ̀ rú. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, nọ́ọ̀sì sì ni mí. Ẹ wo obìnrin tó ń ta gàrí ní ọjà Falawọ ní Ṣágámù: ó lè kó gàrí jọ sínú ọpọ́n ìtajà rẹ̀ kí ó ga bí òkè, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa rò pé ọjà kún ọwọ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kóńgò méjì péré ló kù ní yàrá ìkẹ́rùsí. PCV ni ọpọ́n ìtajà. Àyẹ̀wò tó ń sọ ohun tó kù ní yàrá, ìyẹn irin tó wà nípamọ́ nínú ara, ni ferritin, ó sì yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí mo yẹ tèmi wò, PCV mi jẹ́ 37, ferritin mi jẹ́ 19.

Ìjà kejì wà nínú ìwé àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ló máa ń kọ ọ́ pé ferritin 20 tàbí 30 dára, nítorí pé wọ́n ń wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ pátápátá. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi, àwọn dókítà tó mọ àìsàn náà ti gbà pé bí ó bá jẹ́ 75 ng/mL tàbí kí ó dín sí i, ó yẹ kí wọ́n ronú àtifún un ní irin. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kàn sọ fún yín pé “ó wà ní ìwọ̀n”, kí ẹ sì máa lọ sílé. Ẹ bi wọ́n pé mélòó gan-an ni. Ẹ má sì lọ ṣe é ní ọjọ́ tí ibà wà lára yín, nítorí ibà àti ìgbóná inú ara máa ń gbé ferritin sókè lọ́nà ẹ̀tàn.

Ẹni tó ní kí a po malt pọ̀ mọ́ mílíìkì, mo mọ̀ pé gbogbo ilé ló ń ṣe é, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi náà ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù. Kò sí irin tó tó nǹkan nínú rẹ̀, mílíìkì náà a sì tún máa dí irin lọ́wọ́ láti wọ inú ara. Ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹran pupa, ẹja, ẹ̀wà, àti ẹ̀fọ́ tí a fi ọsàn tẹ̀lé ni wọ́n lè ran ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lọ sílẹ̀ bíi tèmi yẹn, oúnjẹ nìkan kò lè tètè dá a padà, oògùn irin ni dókítà máa kọ.

Ẹ má sì fi ọwọ́ ara yín ra oògùn irin láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí irin sì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ wọn. Irin àlékún lè pa wọ́n lára.

* * *

Oògùn oorun wá ńkọ́? Mo ti ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Nínú gbogbo èyí tí mo ti rí, ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù, nítorí pé ẹni tí kò rí oorun sùn ni ó ń wá oorun lọ, ohun tó sì ń fi owó rẹ̀ rà ni ó tún ń lé oorun jìnnà. Oògùn tí ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì máa ń gbé fún ẹni tó bá ní òun kò sùn ni àwọn oògùn ara yíyún àti ọ̀fìnkìn tó ń múni tòògbé: chlorpheniramine tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton, promethazine, diphenhydramine. Àwọn wọ̀nyí máa ń mú kí ẹsẹ̀ aláìsinmi le sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni metoclopramide tí wọ́n fi ń dá èébì dúró, haloperidol tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, àti ọ̀pọ̀ lára àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, amitriptyline pẹ̀lú.

Ọ̀fìnkìn ló mú mi lọ́dún kan, mo sì lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní òru mẹ́ta tẹ̀ léra. Ní òru kejì, ojú mi wúwo bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́ ìpéǹpéjú, ẹsẹ̀ mi kò sì gbà. Mo ń tòògbé lórí ìdúró. Mo fi orí ti ògiri, ẹsẹ̀ mi ń tẹ ilẹ̀ ní ọ̀tún, ní òsì, mo sì ń sunkún nítorí pé oorun ti dé tán tí n kò lè sùn ún. N kò so ó pọ̀ mọ́ oògùn náà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà ni dókítà ọ̀dọ́ kan béèrè gbogbo oògùn tí mo ń lò lọ́wọ́ mi, tó wá sọ fún mi.

Arákùnrin oníkẹ́míìsì tó fèsì pé òun ń ta oògùn wọ̀nyí lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ráhùn, mo gbà yín gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Kì í sábà da ẹsẹ̀ ẹni tí kò ní àìsàn náà láàmú. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé bí oníbàárà bá ti ní òun kò sùn, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: “Ṣé ẹsẹ̀ ni?” Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lo oògùn tí dókítà kọ fún ọpọlọ tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ má tìtorí ohun tí mo kọ yìí dá a dúró fúnra yín o. Ẹ padà lọ bá dókítà náà, kí ẹ sọ ti ẹsẹ̀ fún un, ó lè bá yín pààrọ̀ rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ obì tó dé yìí ti fẹ́ gbà wá lọ́wọ́ ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i. Arákùnrin tó ń ṣòwò gbánja ní Sábó, Ṣágámù, bínú pé mo fẹ́ ba ọjà òun jẹ́ nítorí pé mo bi í bóyá ó ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé tí ìyá mi ti ń bó obì, tó ń fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n kí obì má baà gbẹ kí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Òkè Ọya, báwo ni mo ṣe fẹ́ kórìíra obì? Owó obì ni wọ́n fi rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n gbánja àti àbàtà, méjèèjì ni ó ní kaféènì, ohun kan náà tó wà nínú kọfí àti tíì. Ìdí tí dẹ́rẹ́bà tó ń wakọ̀ òru fi ń jẹ obì ni kí ó má baà sùn. Nínú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kì í sinmi, ọ̀pọ̀ ni kaféènì máa ń dá kún wàhálà wọn, ọtí náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ má jẹ obì. Mo ní kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí obì má kan ẹnu yín mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ wá padà sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ má sì mu tíì nídìí oúnjẹ, nítorí ó máa ń dí irin inú oúnjẹ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ohun mímu, ẹ mu omi ọsàn.

* * *

Àwọn ìbéèrè kéékèèké tó ń dúró dè mí:

Aboyún tó kọ̀wé láti Odogbolu, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ: ẹ̀yin kọ́ ni àkọ́kọ́. Nínú aboyún márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ó mú bí ẹnì kan, ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn pàápàá, ó sì sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ ìtọ́jú aboyún. Ẹ má lo oògùn kankan fún un lẹ́yìn irin àti fólíìkì tí wọ́n ń fún yín, àyàfi èyí tí dókítà bá kọ.

Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí àìsàn kíndìnrín: bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ́pọ̀ láàárín wọn gan-an, wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fi ń jókòó sójú kan nídìí ẹ̀rọ a sì máa nira fún wọn. Ẹ sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Wọn kò ní rò pé bàbá yín ń ṣe àìgbọràn bí ó bá ń ta ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń lo pramipexole, oògùn ẹsẹ̀ aláìsinmi tó ń ṣe bíi dopamine, tó ní ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí idán ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́ta ọ̀sán báyìí, tó sì ti gùn dé apá: ohun tí ẹ sọ yìí, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa. Oògùn náà fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti pẹ́ lára ènìyàn, bí ẹ bá sì fi kún un, yóò dùn fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún burú sí i. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2025 ti sọ pé kí wọ́n má máa fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́, irin àti àwọn oògùn bíi gabapentin àti pregabalin ni wọ́n gbé síwájú. Ẹ má dá a dúró lójijì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà. Kí ìyàwó yín sì máa kíyè sí yín bóyá ẹ ti ń ta tẹ́tẹ́ tàbí tí ẹ ń náwó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí oògùn náà lè fa ìyẹn.

* * *

Mo fẹ́ padà sórí oorun gan-an, nítorí ohun tí ìdílé ń jà lé lórí nìyẹn. Ìyá Ìbejì kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni méjì mìíràn ti sọ pé wọ́n ń pe àwọn ní ọ̀lẹ.

Àìsàn yìí ní aago tirẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ni yóò ti máa gòkè bọ̀, àárín òru ni yóò le jù, bí ilẹ̀ bá sì ti ń mọ́ ni yóò máa rọlẹ̀. Nítorí náà, oorun tó dára jù tí ẹni náà lè rí ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìdájí, àkókò tí gbogbo ilé ń jí, tí wọ́n ń gbá àgbàlá, tí ọmọ ń wá aṣọ ilé ìwé. Bí ìyàwó ilé bá wá sùn títí di aago mẹ́jọ, wọ́n á ní kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kó tó sùn, ó ti rìn tó ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìperu dé Ògèrè.

Ohun kejì ni pé oorun tí a bá rí sùn náà kì í jinlẹ̀. Bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó ní àìsàn yìí ni ẹsẹ̀ wọn máa ń já fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti sùn. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi á na sókè, ọrùn ẹsẹ̀ á ká, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, á wá rọlẹ̀. Bí ó bá ka ení, èjì, ẹ̀ta dé nǹkan bí ọgbọ̀n, á tún ṣe é. Èmi kò mọ̀ rárá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá jí, ó dà bíi pé n kò sùn. Ẹni tó bá ń ṣe báyìí fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀rọ̀ kékeré á máa bí i nínú, yóò máa gbàgbé owó tí oníbàárà san, ìrẹ̀wẹ̀sì sì lè wọlé sí i lára. Ẹ má wakọ̀ bí òru bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, pàápàá lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Ọ̀rẹ́.

Ohun tí mo ń ṣe nígbà tí ó bá dé nìyí, bóyá yóò wúlò. Mo máa ń rọ omi tútù sínú báàfù, mo á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ dé orúnkún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn mìíràn ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń ṣe tiwọn, kí kálukú gbìyànjú èyí tó bá a lára mu. Mo máa ń fi ọwọ́ fún ojúgun àti ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára. Mo ń rìn ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ìrìn àrìnfẹ́rẹ̀ẹ́ kú, nítorí àṣejù eré ìdárayá náà lè jí i. Bí mo bá ń bọ̀ láti Èkó, n kò gbà kí wọ́n fi mí sí ìjókòó ẹ̀yìn, mo máa ń sanwó ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kí n lè na ẹsẹ̀ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wa dúró ní Mówé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé iṣẹ́ tó bá gba ọpọlọ máa ń tù ú: bí mo bá ń ta ayò pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mi, mo lè jókòó fún wákàtí kan kí n má rántí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó nínú ìwàásù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní pé tí màá fi dìde.

Àwọn ọmọdé náà máa ń ní in. Bí ọmọ yín bá ń sunkún ẹsẹ̀ lálẹ́ nìkan, tí kò sì dúró jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, ẹ má tètè mú pàṣán.

* * *

Ìyá Ìbejì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ohun tó kọ nìyí:

“Màmá, ẹ ṣeun. Mo ti dá oògùn oorun yẹn dúró, òru kẹta ni mo ti rí ìyàtọ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà ṣì ń dé. Mo ṣe àyẹ̀wò. PCV jẹ́ 34, ferritin jẹ́ 9. Dókítà béèrè nípa nǹkan oṣù mi, mo sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́jọ ni mo ń rí i, ó sì máa ń pọ̀, pé ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó kọ oògùn irin, ó sì ní kí n lọ ya àwòrán ilé ọmọ. Ìyá ọkọ mi ló bá mi mú àwọn ìbejì. Ṣé ó pọn dandan kí n lọ ya àwòrán yẹn, nígbà tó jẹ́ pé oògùn irin ti wà lọ́wọ́?”

Ìyá Ìbejì, ó pọn dandan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jò lọ́jọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ lóṣooṣù, bí ẹni ń bu omi sínú agbè tó lu ni oògùn irin yóò rí. Ó lè jẹ́ fáíbírọ́ìdì, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, àwòrán ni yóò sọ. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ má dúró de lẹ́yìn Ojúde Ọba nítorí pé ọjà ń tà.

Ní ti oògùn irin, ẹ fi omi ọsàn lò ó nígbà tí inú bá ṣófo, kí ó jìnnà sí tíì, mílíìkì àti oògùn inú kíkorò. Ìgbẹ́ yín yóò dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Bí inú bá ń kún tàbí tí ìgbẹ́ bá le jù, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ bi dókítà bóyá kí ẹ máa lò ó ní ọjọ́ kan kí ẹ sì fo ọjọ́ kejì, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà bẹ́ẹ̀. Kò ní yá bí oògùn ibà. Tèmi gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí n tó sùn títí di aago mẹ́ta òru láìdìde. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún ferritin yẹn yẹ̀ wò, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibí fún mi.